Ojú Afọláyan àti Alábàárìn Rẹ̀

Omi gbígbóná ni Afọláyan ń dà sínú ife láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó lè po tíì mu kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó dà á, ó dà á, àfi bó ṣe rí i tí omi ń ṣàn lọ sí etí tábìlì, tó ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Ife wà níbi tó gbé e sí gan-an. Kò ṣubú, kò sún. Òun ni kò rí i. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, ó ń wo ife náà bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò pè.

Olúkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, gbé àkísà wá, ó ń nu ilẹ̀. Tíṣà ni Olúkẹ́mi níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìpẹ̀rú níbi tí wọ́n ń gbé, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa nu ohun tí ẹlòmíràn dà sílẹ̀. Ó ní oorun ò tíì dá lójú Bàbá Dámisọ́lá. Afọláyan ní bẹ́ẹ̀ ni, oorun ni. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Lọ́sẹ̀ yẹn ló yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ṣàgámù. Dókítà Fàdìlàt ló yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin kan tí kì í fi oyin sí ọ̀rọ̀. Ó ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, ó tan iná sí i lójú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó wá yí àga rẹ̀ síwájú.

"Gilakómà ni," ó ní. "Omi inú ojú yín ti pọ̀ jù, ó ń ti ojú láti inú, ó sì ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Kì í dunni, kì í pọ́n ojú. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa jẹ bọ̀ láàárín. Oògùn tí ẹ ó máa kán sójú rèé, alaalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi dáadáa o. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń gbójú fo nǹkan níbi iṣẹ́ yín, ẹ má dúró de ọjọ́ tí mo dá fún yín. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá, ká ṣe iṣẹ́ abẹ. Èyí tó bá ti lọ nínú ìríran kì í padà mọ́."

Afọláyan bọ́ síta, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò lè ṣíná. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà bà á ju ẹ̀rù àìsàn lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ní Ìsarà ti ṣe irú rẹ̀ rí, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá sì détí àwọn ará ibi iṣẹ́ pé ojú rẹ̀ ń lọ ńkọ́? Ta ló máa fi ásíìdì inú láàbù lé ẹni tí kò ríran lọ́wọ́? Nítorí náà ó bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú: lọ́jọ́ tí òun bá kọ́kọ́ gbójú fo ohun kan níbi iṣẹ́, òun á lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n gé ohun tí wọ́n bá fẹ́ gé. Kó tó di ìgbà yẹn, kí kálukú fi òun sílẹ̀.

Ẹ wá bá mi dá a rò. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ohun tí òun kò rí? Ohun tí o kò bá rí, kò sí níbẹ̀ fún ẹ nìyẹn, o ò lè máa ka ohun tí kò sí. Afọláyan ronú débẹ̀ náà. Ó nílò ojú ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní láàbù kẹ́mísírì ti yunifásítì kékeré kan tó wà láàárín Ìpẹ̀rú àti Ìkẹ́nnẹ́. Òun ló ń po ásíìdì, òun ló ń to irinṣẹ́ sórí tábìlì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, òun náà ló ń ti gáàsì pa bí wọ́n bá jáde. Bàbá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, àwọn olùkọ́ kì í sì í wọ láàbù àfi tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó dá nìkan wà pẹ̀lú ìgò àti iná.

Bí Ọlọ́run yóò ti ṣe é, oṣù yẹn náà ni yunifásítì gbé ètò alábàárìn kalẹ̀. Ìyáàfin Fadékẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pe ìpàdé, ó ṣàlàyé pé ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà máa ní alábàárìn kan, kì í ṣe ọ̀gá, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti dé ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, tó máa mú un mọ̀nà fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí Afọláyan fi nawọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó ń sáré gba iṣẹ́ tí wọn ò ní sanwó rẹ̀.

Sùmáyà ni wọ́n fún un. Ọmọ Ijoku ní Ṣàgámù ni, ilé tí wọ́n ti ń ta obì láti ayébáyé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó máa ń wé híjáàbù rẹ̀ mọ́ra dáadáa kó má bàa kan iná, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kò yá. Bó ṣe wọlé ló kúnlẹ̀ kí i. Afọláyan ní kó dìde, pé ipò kan náà làwọn jọ wà.

"Alábàárìn la jẹ́ síra wa, èmi kì í ṣe ọ̀gá rẹ," ó ní. "Màá fi gbogbo ibi hàn ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ tìrẹ. Bí o bá rí àṣìṣe mi, bó ti wù kó kéré mọ, sọ fún mi. Má wojú mi."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti yé mi, Bọ̀dá Afọláyan. Kì í ṣe àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ irú ẹ̀ nìyí."

Afọláyan fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà pé ojú òun ló ń da òun láàmú. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó gbé e mì. Inú ń bí mi sí i bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Gbólóhùn kan péré ló kù, ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn ibà mì.

Síbẹ̀, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó tọ́jú ọmọ náà. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ásíìdì láìjẹ́ kó ta síni lára, ó fi olùkọ́ tó máa ń pẹ́ dé hàn án àti èyí tó máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí lọ́fíìsì kí ìwé rẹ̀ má bàa sùn sábẹ́ ìwé ẹlòmíràn. Bí òjò bá rọ̀ nírọ̀lẹ́, á fi ọkọ̀ gbé e dé ìkóríta tó ti máa rí ọkọ̀ Ṣàgámù. Sùmáyà náà ń gbọ́, ó ń ṣe é, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà mìíràn láìsí ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá sì ti fẹ́ ti láàbù, Afọláyan á bi í léèrè. "Ṣé o rí àṣìṣe kankan lónìí?"

"Rárá o, Bọ̀dá. Gbogbo ẹ̀ pé."

Nígbà àkọ́kọ́, kò gbà á gbọ́. Ó padà wọlé, ó wo gbogbo tábìlì, gbogbo ẹnu gáàsì, ó bá gbogbo wọn bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kejì bákan náà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí àṣìṣe. Ọkàn rẹ̀ wá ń fúyẹ́. Ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì bó bá ń fọ ìgò. Ó ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ti dá sí i, dókítà yẹn kàn fẹ́ràn àtimáa dẹ́rù bani ni.

Nígbà tí ọjọ́ tí dókítà dá fún un pé, ó pe ilé ìwòsàn lórí fóònù, ó ní iṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n sún un síwájú. Wọ́n sún un. Nígbà tí ìyẹn náà pé, ó tún sún un. Nílé, Olúkẹ́mi ní kí ló dé tó jẹ́ pé àga kan náà ló ń fẹsẹ̀ gbá lójoojúmọ́. Ó ní Dámisọ́lá kì í gbé àga síbi tó yẹ, ó sì bá ọmọ náà wí títí ọmọ fi sunkún. Ohun tí láàbù bá sọ ló gbà gbọ́, láàbù sì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé gbogbo ẹ̀ pé.

Báyìí ni sáà ẹ̀kọ́ ṣe parí, tí Ìyáàfin Fadékẹ́ pe àwọn alábàárìn àtàwọn ẹni tuntun jọ sí gbọ̀ngàn kékeré, ó ní kí àwọn ẹni tuntun dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Mítípáì àti mínírà wà lórí tábìlì, inú gbogbo èèyàn dùn. Fàrúkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìkàwé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà ilé búrẹ́dì nìkan ni alábàárìn òun kọ́ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó kan Sùmáyà.

Ó dìde, ó fa híjáàbù rẹ̀ wálẹ̀. Afọláyan ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ gígùn rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Ijoku, ẹ mọ̀ pé obì la fi ń jẹun. Bí wọ́n bá mú ọmọ tuntun wá síbi tí a ti ń ṣa obì, ìyá mi àgbà kì í fi í sábẹ́ àgbàlagbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣà lọ́dún tó kọjá ni wọ́n máa fi tì í. Ẹni yẹn á sọ fún un pé, 'Bí o bá rí àṣìṣe mi, sọ fún mi o.' Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Á wá máa mọ̀ọ́mọ̀ ju obì tí kòkòrò ti jẹ sínú èyí tó ti ṣà tán. Ọmọ tuntun á yọ ọ́, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, á panu mọ́. Tó bá sọ ọ́ jáde, ó ti dójú ti ẹni tó ń kọ́ ọ nìyẹn, wọ́n á ní ẹnu ẹ̀ yá ju ojú ẹ̀ lọ, wọ́n á dá a padà sídìí obì bíbó. Tó bá sì gbójú fò ó, wọ́n á ní kò lójú obì. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé nìyẹn, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀."

Àwọn èèyàn ń mi orí. Ìyáàfin Fadékẹ́ ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

"Torí náà, lọ́jọ́ tí mo dé, tí Bọ̀dá Afọláyan sọ fún mi pé tí mo bá rí àṣìṣe àwọn kí n sọ ọ́, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, àṣé wọ́n ń ṣe é ní Ìpẹ̀rú náà. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi gáàsì tábìlì ìparí sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo ń wò wọ́n, ojú wọn ò mì, mo wá rọra ti gáàsì náà pa. Mo ní, ọkùnrin yìí mọ eré ṣe."

Ẹ̀rín ta. Afọláyan náà ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì yé e. Ó gbé ìgò mínírà sún mọ́ ẹnu. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí.

"Lọ́jọ́ kan, wọ́n to búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fo gbogbo ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo sáré tò ó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ṣí omi sílẹ̀, wọ́n ń kọrin lọ. Ìjọ́ kan wà tí wọ́n gbé ìgò ásíìdì sí etí tábìlì, ìdajì ẹ̀ wà lórí tábìlì, ìdajì wà lófuurufú. Àyà mi já. Mo ní ìdánwò yìí ti ń le o. Mo tì í wọlé, mi ò sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún bi mí pé ṣé mo rí àṣìṣe kankan, mo ní rárá, wọ́n wá rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn. Mo mọ̀ pé mo ti gba máàkì."

Gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan lu Afọláyan léjìká láti ẹ̀yìn, ó ní ó gbayì.  Afọláyan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó mọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ara rẹ̀ kọ̀ láti gbà pé òun ni wọ́n ń sọ. Ásíìdì wo? Fèrèsé wo? Ó ń wá wọn nínú orí rẹ̀, kò rí ẹyọ kan.

"Nígbà tó yá ni mo mọ ọgbọ́n wọn," Sùmáyà ń wí, ara ti wá yá a, ó ń gbádùn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. "Apá òsì wọn ni wọ́n máa ń fi gbogbo ẹ̀ sí. Apá ọ̀tún á mọ́ tónítóní. Torí náà, tí wọ́n bá ti ń lọ, ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ni mo máa ń tẹ̀ lé."

"Apá òsì?" Afọláyan ló bi í léèrè. Ohùn náà kò jọ tirẹ̀.

"Apá òsì nìkan, Bọ̀dá. Mo tètè rí i, àbí mi ò tètè rí i?"

Ìyáàfin Fadékẹ́ dìde dúró. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní alábàárìn rèé, ẹni tó máa fi gbogbo sáà ṣe àṣìṣe nítorí kí ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n. Ó ní kí gbogbo alábàárìn tó kù lọ kẹ́kọ̀ọ́ lára Afọláyan, kó wá síwájú, kó sọ̀rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dìde, itan rẹ̀ gbá tábìlì, mínírà dà sílẹ̀, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré náà ló ṣì ń ṣe. Kò lọ síwájú. Ẹnu ọ̀nà ló gbà lọ, kò wo ẹnikẹ́ni.

Ṣàgámù ló kọrí sí. Kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun kò ní àdéhùn lónìí, ṣùgbọ́n òun kò ní kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, kò bá a jiyàn. Ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ kan tó dà bí ìdajì igbá funfun, ó ní kó gbé àgbọ̀n lé e, kó tẹjú mọ́ àárín, bó bá rí ìmọ́lẹ̀ kékeré níbikíbi, kó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ìmọ́lẹ̀ ń tàn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n bo ojú ọ̀tún, ó kan ti òsì. Ìmọ́lẹ̀ bíi mélòó kan tàn láàárín, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kò rí nǹkan mọ́. Ó dúró. Ó dúró títí ọrùn fi ń ro ó.

"Nọ́ọ̀sì, ó jọ pé ẹ̀rọ yín ti kú," ó ní.

"Kò kú o, sà," nọ́ọ̀sì dáhùn jẹ́jẹ́. "Ó ń tàn lọ ni."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á gan-an wọlé. Gbogbo èyí tó ti ń bà á tẹ́lẹ̀, eré ni. Ó ń wo inú igbá funfun náà, ó mọ̀ pé iná ń tàn níbẹ̀, iwájú rẹ̀ gan-an, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè kàn, kò sì rí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì nù ún kúrò láìsọ̀rọ̀.

Dókítà Fàdìlàt wo àbájáde náà, ó tún un wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Mo sọ fún yín pé kí ẹ má dúró," ó ní. "Ìgbà wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú fo nǹkan?"

"Mi ò mọ̀, Dókítà. Mo bẹ ẹnì kan pé kó máa sọ fún mi."

"Ẹ pe ẹni náà."

Ó pe Sùmáyà, dókítà ní kó jẹ́ kí òun náà gbọ́. Ọmọbìnrin náà gbé e kíá, ariwo ìpàdé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀dá, a wá yín tì. Ìyáàfin Fadékẹ́ ní ayọ̀ ló gbé yín jáde. Mo ti bá yín tọ́jú mítípáì yín."

"Sùmáyà, èyí àkọ́kọ́, gáàsì yẹn. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọjọ́ kejì tí o dé ni?"

"Lóòótọ́ ni, Bọ̀dá. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ ni, mi ò lè gbàgbé."

Dókítà gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó sì ń mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, fún ara rẹ̀ ju fún Afọláyan lọ, pé ká ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló wá ni, àwọn ì bá gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ojú òsì yìí là.

Sùmáyà ò gbọ́ ìyẹn. "Bọ̀dá," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ìtìjú wà nínú rẹ̀, "ẹ ò tíì sọ fún mi. Ṣé mo yege?"

Inú bí Afọláyan. Kí n sọ òótọ́, inú bí i débi pé ó fẹ́ ju fóònù mọ́ ògiri. Ó ti bẹ ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ tó yéni ló fi bẹ̀ ẹ́. Àfi bí ìbínú náà ṣe dé ọ̀nà ọ̀fun tó bá gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ gbé mì lọ́jọ́sí, tí kò jẹ́ kó kọjá.

"Kì í ṣe ìdánwò, Sùmáyà," ó ní. "Ojú mi ló ń fọ́. Mi ò rí wọn ni."

Ariwo ìpàdé ń lọ lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀, kò dá a lóhùn. Afọláyan gbọ́ bó ṣe ń rìn, bó ṣe pa ilẹ̀kùn kan dé, tí ariwo náà sì dákẹ́.

"Ẹ ò rí gáàsì?"

"Mi ò rí i."

"Àní ásíìdì yẹn, Bọ̀dá. Ọwọ́ yín ló wà lórí ẹ̀."

"Mi ò rí i."

Ó gbọ́ ẹkún rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún aláriwo, ó ń fa èémí bí ọmọ tí wọ́n nà tí wọ́n ní kó má sunkún. Ó ń sọ pé òun kò mọ̀, òun kò mọ̀, òun ló fọ́ ojú Bọ̀dá òun. Afọláyan fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìyẹn tàbí irọ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa parọ́.

Dókítà Fàdìlàt fọwọ́ kan tábìlì. Ó ní ojú ọ̀tún ṣì wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ. Ó ní lọ́la láàárọ̀ ni òun máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà bó bá gbà, òun kò sì ní ṣèlérí ohun tó ju pé òun á gbìyànjú láti dá ohun tó kù dúró. Afọláyan ní òun gbà. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Dámisọ́lá ni yóò kọ́kọ́ sọ fún, ó ń ronú bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá," Sùmáyà pè é láti inú fóònù. Ẹkún ti dáwọ́ dúró. "Ta ló wa ọkọ̀ gbé yín dé ibi tí ẹ wà yẹn?"

Afọláyan wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà níbẹ̀, ó ti dì í mú láti ìgbà tó ti wọlé. Ó ti wakọ̀ láti yunifásítì dé Ṣàgámù. Láàárọ̀ yìí kan náà, ó gbé Dámisọ́lá lọ sí iléèwé, ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ kéékèèké máa ń fẹsẹ̀ rìn lápá méjèèjì. Ó ti ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ fún gbogbo sáà ẹ̀kọ́ náà, kò sì sí ẹnì kankan tó ń tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ó wá àga, ó jókòó.

"Èmi ni," ó ní.

"Àṣìṣe nìyẹn, Bọ̀dá," Sùmáyà wí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ ketekete. "Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn fún dókítà. Ẹ má kúrò níbẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé yín."

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó máa sọ fún un nìyẹn. Afọláyan na ọwọ́ síwájú, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì, ó sì rọra fi ọwọ́ kejì wá etí tábìlì náà kó lè rí i dájú pé kò ní já bọ́.